Ibi Tí Àkọlé Náà Ti Wá

"Ẹ gbé àgbọ̀n yín sókè díẹ̀, ọ̀gá," ni onígbàjámọ̀ wí.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì gbé àgbọ̀n sókè, ó sì di ojú. Gbogbo òwúrọ̀ Sátidé ló máa ń wá fá irungbọ̀n rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré yìí, níbi tí dígí méjì ti kọjú síra wọn, tí òórùn páúdà kì í sì í kúrò. Kò béèrè rí bóyá abẹ mú tàbí kò mú. Ọ̀rọ̀ òun àti onígbàjámọ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin onígbàjámọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yọ irun kúrò lára búrọ́ọ̀ṣì. Akọ̀wé ni bàbá rẹ̀ ń pè é, nítorí pé láti kékeré ni kì í ti í rí bébà kó má kọ nǹkan sí i. Àdúgbò sì gba orúkọ náà lẹ́nu bàbá. Òun nìkan ló rí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí bàbá rẹ̀ ṣe gbé abẹ, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọmọ fẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n bàbá rọra gbé ìka kékeré lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá, ọwọ́ náà sì dúró ṣinṣin. Abẹ sọ̀ kalẹ̀ láti etí dé àgbọ̀n, kò ha ẹran ara rárá.

Ọ̀gá ọlọ́pàá fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ nínú dígí. "Ẹ ti tún sọ mí di ọkọ ìyàwó," ló wí.

"Ìyàwó wo?" ni onígbàjámọ̀ dáhùn. "Ẹ jẹ́ kí ìyá tó wà nílé gbọ́ ná." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá Akọ̀wé, tí í ṣe alágbàfọ̀, ń ká aṣọ oníbàárà nínú yàrá. Ó wo ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń gbé ife omi sẹ́nu tí omi ń ta sí i láyà. Ó fi aṣọ sílẹ̀.

"Bàbá Akọ̀wé, ọwọ́ tó ń gbọ̀n kì í mú abẹ o."

"Nínú afẹ́fẹ́ ló ti ń gbọ̀n," ni bàbá fèsì. "Tó bá ti kan ara èèyàn, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò tíì gé ẹnikẹ́ni lára."

"Èmi mọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹni tó fẹ́ fi ọrùn sílẹ̀ ò ní dúró gbọ́ àlàyé." Ìyá yíjú sí ọmọ. "O gbọ́ gbogbo ẹ̀, àbí? Inú yàrá yìí la ti sọ ọ́, inú yàrá yìí ni kó kú sí."

"Mo ti gbọ́, mà," ni Akọ̀wé wí. Ó sì gbọ́ lóòótọ́.

Ní àkókò náà, àwọn iléèwé agbègbè ń dije nínú ìtàn kíkọ, wọ́n sì ní àwọn yóò tẹ àwọn ìtàn tó bá dára jù sínú ìwé kan. Akọ̀wé kọ ìtàn nípa télọ̀ kan tí kò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ara bàbá rẹ̀ ló ti yọ ọ́, ṣùgbọ́n ó gbé e lọ jìnnà kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. Kò sí àṣìṣe nínú ìyẹn. Ibo ni òǹkọ̀wé ìbá tún ti rí nǹkan, bí kò ṣe nínú ohun tí ojú rẹ̀ rí? Ó pe àkọlé rẹ̀ ní "Télọ̀ Àdúgbò Wa".

Olùkọ́ rẹ̀ kà á tán, ó mí kanlẹ̀. "Ìtàn yìí dùn," ló wí. "Àkọlé rẹ̀ ló ń sùn. Ojú ilé ni àkọlé. Bí ojú ilé ò bá fa èèyàn mọ́ra, ta ló fẹ́ wọlé?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Ariwo gbún un nígbọ̀nwọ́. "Wá èyí tó máa gún wọn láyà," ló sọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ sọ nínú yàrá sì wá sí i lọ́kàn. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Kò sí orúkọ bàbá nínú rẹ̀. Kò sí abẹ nínú rẹ̀. Ó fa ilà sórí àkọlé àtijọ́, ó sì kọ tuntun: "Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n".

Olùkọ́ wo àkọlé náà títí. "Níbo lo ti rí èyí?"

"Ó kàn sọ sí mi lọ́kàn ni, sà."

Ká ní ó mọ síbẹ̀ ni, ìtàn tí mò ń sọ yìí kì bá tí sí.

Ọjọ́ ìfúnnilẹ́bùn, gbọ̀ngàn iléèwé kún. Bàbá Akọ̀wé ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó wọ aṣọ funfun tí ìyàwó rẹ̀ fi sítáàṣì sí, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì jókòó sí iwájú níbi tí ojú wọn yóò ti tó ọmọ wọn. Ọ̀gá ọlọ́pàá wà lẹ́yìn wọn. Atẹ̀wé tó fẹ́ tẹ ìwé náà ni àlejò pàtàkì. Ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ ibi tí àkọlé ìtàn rẹ̀ ti wá.

Ọmọkùnrin kan ní òjò tó ń rọ̀ sórí páànù ilé àwọn ló fún òun ní tòun, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọbìnrin kan ní ojú àlá ni òun ti rí tòun. Àtẹ́wọ́ tìyẹn tún pọ̀ jù.

"Má jẹ́ kí wọ́n borí ẹ o," ni Ariwo sọ sí Akọ̀wé létí bó ṣe ń dìde.

Akọ̀wé di gbohùngbohùn mú. Ó lè sọ ohun tó sọ fún olùkọ́ rẹ̀, kó sì lọ jókòó. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ ọmọ tó lá àlá ṣì ń dún létí rẹ̀.

"Ilé wa ni mo ti rí i, sà," ló wí. "Bàbá mi ni. Onígbàjámọ̀ ni wọ́n, ọwọ́ wọn sì ti ń gbọ̀n. Ìyá mi ló sọ ọ́, tí mo fi gbọ́."

Obìnrin kan nu ojú. Lẹ́yìn náà ni àtẹ́wọ́ sọ, gbogbo ènìyàn sì dìde dúró. Ojú Akọ̀wé ń tàn. Kò rántí pé ọ̀rọ̀ òun kò tíì parí.

"Ṣé bàbá wà níbí?" ni atẹ̀wé béèrè. "Ẹ jẹ́ ká rí yín, sà."

Bàbá yíjú sí wọn. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́. Kò mọ̀gbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan lọ sí ọ̀fun ara rẹ̀.

Wọ́n ń padà sílé. Bàbá ṣíwájú. Ìgbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ni ìyá dúró. "O sọ fún wọn pé ó ń gbọ̀n. O ò sọ fún wọn pé ó máa ń dúró."

"Mo gbàgbé, mà."

"O ò gbàgbé. Wọ́n ti pàtẹ́wọ́ kó o tó débẹ̀ ni."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá ọlọ́pàá kò wá. Àwọn tó máa ń gbé ọmọ wá gẹ irun ń gba òdì kejì títì kọjá, wọ́n ń kí onígbàjámọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ẹ kú ìnira o. Ọmọ yín mọ ìtàn kọ o." Àdúgbò yí orúkọ ṣọ́ọ̀bù padà sí Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n. Wọ́n ń káàánú bàbá tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n àánú kì í gbé orí wá fún onígbàjámọ̀. Ó ń nu dígí tí kò dọ̀tí láti àárọ̀ di alẹ́.

Akọ̀wé lọ sílé ọ̀gá ọlọ́pàá, ó kúnlẹ̀. "Kì í gbọ̀n tó bá ti kan ara yín, sà. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀."

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Irungbọ̀n rẹ̀ ti kún bò ó. "Mo gbà ọ́ gbọ́, ọmọ mi," ló wí. "Ọrùn mi ni ò gbà."

Ìwé jáde. Àkọlé Akọ̀wé ni wọ́n fi sí èèpo ìwé náà gàdàgbà. Ní oṣù yẹn kan náà, bàbá kó ẹrù kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé àga ìgẹrun sábẹ́ okùn ìsáṣọ ní àgbàlá, ó sì ń bá ìyàwó rẹ̀ pọnmi aṣọ. Kò bá ọmọ rẹ̀ jà. Ó kàn ṣíwọ́ pípè é ní Akọ̀wé ni, ìyẹn sì dun ọmọ náà ju pàṣán lọ.

Nígbà tí iléèwé fẹ́ wọlé, tí wọ́n ní kí gbogbo ọmọ gẹ irun, ó lọ jókòó sórí àga náà fúnra rẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbé korobá sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó mú síṣọ́ọ̀sì àti abẹ jáde. Ọmọ rí ọwọ́ náà tó ń gbọ̀n bọ̀. Ó kan orí rẹ̀, ó sì dúró. Irun ń já bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tí yóò rí i. Ẹkún gbọn ọmọ lórí àga.

"Má mira," ni bàbá rẹ̀ wí. "Tí abẹ bá ha ọ́, ọwọ́ mi ni wọ́n máa sọ pé ó ṣe é."

Ó mú ara dúró, ó ń sunkún láìmira títí abẹ fi kúrò lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kàwé yìí, ẹ máa kọ ìtàn, ẹ má sì bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ. Bí ẹ bá yá ọ̀rọ̀ nínú ilé yín láti fi ṣe àkọlé, ẹ rántí pé ẹnì kan ló ni ín, ẹ sì bi í kí ẹ tó gbé e síta. Ilẹ̀ kì í ṣú kí àtẹ́wọ́ tó tán, ṣùgbọ́n inú ilé tí ẹ tú síta ni ẹ ó padà sùn.