Ìyá Tó Tọ́ Aṣòfin

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí Lọ́yà fẹ́ gbéra lọ búra nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni wọ́n bá òkú àbúrò rẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn. Ọkùnrin náà kò ṣàìsàn. Ó jẹun, ó ṣàwàdà, ó lọ sùn, kò jí mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ló kọ́kọ́ rí i. Aṣọ ríran ni ìyá àgbà yìí fi rán Lọ́yà níwèé, títí ó fi di agbẹjọ́rò.

Kò pé oṣù kan, oyún bàjẹ́ lára ìyàwó Lọ́yà. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ṣùgbọ́n ta ní ń gbọ́ ti dókítà? Àwọn aládùúgbò ní ẹyẹ dúdú kan ń bà sórí òrùlé yàrá ìyá àgbà lọ́sàn-án gangan.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá Lọ́yà, wí nípàdé ẹbí. "Ìyá àgbà, kí lẹ wá lọ ṣe níbi òkú?"

"Tíì ni mo gbé lọ fún un," ìyá àgbà dáhùn. " Lọ́yà, ṣé o gbọ́? Èmi kọ́."

Nídìí ẹjọ́ rírò ni Lọ́yà ti lórúkọ, àmọ́ lọ́jọ́ náà kò gba ẹjọ́ yìí rò. Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ń sunkún. Ó wo àwọn tó dìbò fún un, tí wọ́n kún ojú fèrèsé.

"Ìyá, ẹ lọ sinmi níbòmíràn ná."

Ìyá àgbà di ẹrù rẹ̀, ó gba yàrá kan nílùú kejì.

Lọ́yà ń sọ̀rọ̀ nílé ìgbìmọ̀, gbogbo orílẹ̀-èdè ń gbọ́. Bó bá fóònù sílé pé kí wọ́n lọ mú ìyá òun wá, Bàbá Kékeré á ní, "Bó bá wọlé, ìyàwó rẹ á jáde." Lọ́yà á pa fóònù.

Lóṣù kẹta ni èsì àyẹ̀wò òkú àbúrò rẹ̀ dé: èéfín jẹnẹrétọ̀ ló pa á. Lọ́yà fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá ẹ̀yìn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìbúra, kí ariwo rẹ̀ má baà di àwọn àlejò tó wá kí i lọ́wọ́.

Ó gbé ìwé náà lọ bá ìyá àgbà, ó kúnlẹ̀, ó kà á fún un dópin.

"Ṣé wọ́n ti gbọ́ nílé?"

"Wọ́n ti gbọ́, Ìyá. Bàbá Kékeré ní ta ló rán èéfín náà."

Ìyá mi orí. "Ìwọ ńkọ́? Lọ́jọ́ yẹn, ṣé o rò pé èmi ni?"

Lọ́yà fẹ́ sọ pé rárá. Dípò bẹ́ẹ̀, ó na ìwé náà sí i.

Ìyá ká ìwé náà, ó dá a padà fún un. "Máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ mi. Ọ̀nà yẹn ò dáa."