Ta Ló Jẹ́rìí Sí Sípírítì?

Gbogbo ilé tó bá ti ní aláìsàn tó ń dùbúlẹ̀ ló mọ òórùn sípírítì. Lẹ́yìn ìwẹ̀ àárọ̀ ló máa ń jáde, òun àti pọ́dà, láti fi ra ẹ̀yìn aláìsàn kó má baà di egbò. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ilé Bàbá Àkàndé ní Oregbeni, ní àárọ̀ Sátidé kan.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Àkàndé fi ṣe akọ̀wé kóòtù ní ìlú Benin kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn ni rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀. Apá òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ mú bí abẹ.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù. Ọkùnrin tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kángun sí tirẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní egbò ní ìdí, èyí tí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ fà. Egbò náà jẹ ẹran títí ó fi kan egungun. Wọn kò gbé ọkùnrin náà lọ sílé láàyè.

"Ìyá Akínfẹ́mi," báyìí ló máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀, "ohunkóhun tí o bá ń ṣe, má jẹ́ kí ìdí mi di egbò."

Ní àárọ̀ Sátidé yìí, Ìyá Akínfẹ́mi yí ọkọ rẹ̀ láti nu ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì rí àmì kan lórí egungun ìdí. Ó tóbi tó ìdérí igo, ó sì dúdú ju ara yòókù lọ. Ó figbe ta. Ó pe Mọ́mì Tìmílẹ́hìn, aládùúgbò wọn tó ń gbé ní iwájú ilé.

Mọ́mì Tìmílẹ́hìn kò pẹ́. Ó gbé sípírítì dání, ó gbé pọ́dà dání, ó sì fi róbà roboto kan tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kọ́ apá bí ẹ̀gbà ọwọ́.

"Mo sọ ọ́!" ó ní. "Ìyá, ọwọ́ ẹ̀lẹ̀ lẹ fi ń ra á. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fi agbára ra á kó gbóná dáadáa, ká wá gbé róbà yìí sí wọn nídìí. Àbí ẹ ò gbọ́ ẹ̀rí tí mo jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni? Ìyá ọkọ mi lo oṣù mẹ́fà gbáko lórí bẹ́ẹ̀dì! Sípírítì láàárọ̀, sípírítì lálẹ́. Egbò kankan ò wá. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló pariwo halelúyà."

Ó ti ń ṣí ìdérí igo nígbà tí Nọ́ọ̀sì Mofẹ́olúwa wọlé. Láti Ugbor ló ti ń wá ní gbogbo Sátidé láti wo ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá, nítorí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kan náà ni wọ́n jọ wà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ẹ dúró ná," ó ní. "Ẹ má tíì ra á."

Ó fọ ọwọ́, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àmì náà. Ó tún fi kan ibòmíràn lára Bàbá.

"Ó gbóná ju ibi yòókù lọ, ó sì le. Ìyá, ẹ fi ọwọ́ yín wò ó. Ìwé wa máa ń ní ká wo ibi tó bá pupa, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ rí pupa lára Bàbá? Lára àwa dúdú, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ á dúdú sí i, tàbí kó gbóná, tàbí kó le. Ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n."

"Ṣé ó ti di egbò?" Ohùn Bàbá kéré.

"Rárá, Bàbá. Awọ kò tíì là. Ṣùgbọ́n ẹran abẹ́ rẹ̀ ti ń jìyà. Bí a bá fi agbára ra á lónìí, àwa gan-an la lè là á."

Mọ́mì Tìmílẹ́hìn pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀ẹ́n! Nọ́ọ̀sì ń ta ko nọ́ọ̀sì! Nọ́ọ̀sì tó dàgbà jù ẹ́ lọ ló kọ́ Ìyá bí wọ́n ṣe ń ra á ní wọ́ọ̀dù. Ìyá, ṣé mo parọ́?"

"Òótọ́ ni," Ìyá Akínfẹ́mi ní. "Níṣojú mi ni wọ́n ṣe ra á."

"Wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣì yín lọ́nà," Nọ́ọ̀sì dáhùn. "Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nìyẹn. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi fi sípírítì ra ẹ̀yìn aláìsàn."

Bàbá Àkàndé gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè.

"Ẹ dá mi dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí n lè rí ojú gbogbo yín. Kò sẹ́ni tó máa fi ọwọ́ kan ìdí mi títí n ó fi gbọ́ ẹ̀rí. Kóòtù ti jókòó."

Nọ́ọ̀sì àti Ìyá gbé e, wọn kò wọ́ ọ. Wọ́n dá a sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, wọ́n sì fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Mọ́mì Tìmílẹ́hìn, ìwọ ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Ìyá ọkọ rẹ yẹn, ṣé ojú kan ló máa ń sùn sí?"

"Ta ni? Ìyá yẹn? Bàbá, abeg! Oníwàhálà ni wọ́n. Ọ̀pá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí ara bá ti ń ro wọ́n báyìí, kóó, kóó, kóó, lára ògiri. 'Ẹ wá yí mi o!' Èmi àti ìyàwó àbúrò ọkọ mi la jọ máa ń sáré. Wọn kì í jẹ́ ká fìdí kanlẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́?"

"Ta ló ráyè kà á? Bí ìgbà mẹ́wàá. Àbí méjìlá."

"Ṣé o sọ ìyẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Kí n sọ kí ni?"

"Ọ̀pá. Yíyí. Ìgbà méjìlá."

Mọ́mì Tìmílẹ́hìn dé ìdérí igo padà. "Wọn ò bi mí," ó ní.

"O ò parọ́," Bàbá sọ fún un. "Ṣùgbọ́n ìtọ́jú méjì lẹ ṣe, ọ̀kan ṣoṣo lo mú wá síwájú ìjọ. Bóyá sípírítì ló ń gba ọpẹ́ iṣẹ́ tí ọ̀pá ṣe."

"Halelúyà," Ìyá Akínfẹ́mi fèsì, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Akínfẹ́mi, kóòtù kò rẹ́rìn-ín. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa náà, ta ló tún lo sípírítì, tí egbò sì wá?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Ìyá. Ó ronú. "Bàbá Gbóyèga," ó ní.

"Ṣé àwọn ọmọ wọn jáde wá jẹ́rìí?"

"Báwo ni wọ́n ṣe máa jáde? Ètò ìsìnkú ni wọ́n ń ṣe."

Nọ́ọ̀sì Mofẹ́olúwa fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá, iṣẹ́ tí àwa nọ́ọ̀sì mélòó kan ń ṣe níbi iṣẹ́ wa nìyí. A kó gbogbo ìwádìí tí a rí lórí ìtọ́jú awọ ara jọ, èyí tó yọrí sí rere àtèyí tó já sí òfo. Ìbéèrè tí ẹ bi Mọ́mì la ń bi ìwé kọ̀ọ̀kan. Èèyàn mélòó? Kí ni wọ́n tún ń ṣe fún wọn? Àwọn tí wọn ò ra ńkọ́? Àwọn tó kú kí ìwádìí tó parí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìwé ni kò rí ìdáhùn, a sì tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Ó dáa. Wá jẹ́ ẹ̀rí tìrẹ. Kí lẹ rí?"

"Fífi agbára ra ibi tó ti ń yọnu, a ò rí ẹ̀rí gidi pé ó ń ṣèrànwọ́, ó sì lè ba ẹran abẹ́ awọ jẹ́. Sípírítì máa ń gbẹ awọ, awọ gbígbẹ kì í sì pẹ́ là. Róbà roboto yìí dá àárín sí, ṣùgbọ́n ó ń tẹ ẹran tó yí i ká mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní ríbi gbà dáadáa."

"Kí ló wá ṣiṣẹ́?"

"Yíyí yín. Fóòmù tó nípọn tí kò tíì rì. Kí ìtọ̀ tàbí òógùn má pẹ́ lára. Ìpara fẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí awọ gbẹ. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, kí ara lè rí ohun tó fi tún ara ṣe."

"Wákàtí mélòó ni kí wọ́n máa yí mi sí?"

Nọ́ọ̀sì na ìka méjì sókè. "Méjì méjì ni wọ́n kọ́ wa. Ìwádìí mìíràn ní, lórí fóòmù tó dára, mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè tó fún ẹlòmíràn. Èwo gan-an ló dára jù? Ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì lágbára. Mi ò mọ̀, Bàbá. Níti yín, pẹ̀lú ibi tó ti gbóná yìí, n ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú méjì, n ó sì máa fi ọwọ́ wò ó."

"Ẹ gbọ́ ọ!" Mọ́mì Tìmílẹ́hìn fò sókè. "Ó lóun ò mọ̀! Ó tán!"

Bàbá rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ṣì ń ṣiṣẹ́. "Jókòó, ẹlẹ́rìí. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí sílẹ̀ títí ọwọ́ fi ro mí. Ẹni tó mọ gbogbo nǹkan la máa ń ṣọ́. Ẹni tó bá ní òun ò mọ̀ níbi tí kò mọ̀, òun la máa ń gbà gbọ́ níbi tó ti lóun mọ̀. Nọ́ọ̀sì, wo ìdí mi wò."

Pẹ̀lú gbogbo àríyànjiyàn yìí, ó ti tó wákàtí kan tó ti fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àmì náà. Ó ní kí Ìyá náà fi ọwọ́ kàn án.

"Ó ti tutù díẹ̀!" Ìyá Akínfẹ́mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Lọ́la gan-an ni n ó jẹ́rìí!"

"Ìyá, ẹ rọra," Nọ́ọ̀sì ní. "Èèyàn kan ṣoṣo nìyí, wákàtí kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ọ ná."

Mọ́mì Tìmílẹ́hìn dìde, ó gbé igo rẹ̀, ó jáde. Wọ́n rò pé inú ló bí i. Nígbà tó padà dé, kò gbé sípírítì mọ́. Ọ̀pá kan ló gbé dání, tí orí rẹ̀ ti ń dán nítorí ọwọ́ tó ti dì í mú pẹ́.

"Ti ìyá ọkọ mi ni," ó ní, ó sì fi í sí Bàbá lọ́wọ́ ọ̀tún. "Yíyí ọ̀sán ni tèmi. Ẹ máa fi lu ògiri."

Fún ọjọ́ mẹ́wàá, wọn kò jẹ́ kí Bàbá fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Bó bá kúrò ní apá ọ̀tún, apá òsì ló kàn. Ìyá ń kọ wákàtí kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Ní ọjọ́ kẹwàá, ibi tó dúdú náà rọ̀, ó tutù, ó sì dọ́gba pẹ̀lú ara yòókù. Awọ kò là.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Mọ́mì Tìmílẹ́hìn jáde síwájú ìjọ. "Mo wá tún ẹ̀rí mi jẹ́," ó ní. "Apá kan ni mo sọ níjọ́sí." Ó sọ nípa ọ̀pá. Ó sọ nípa ìgbà méjìlá lóòjọ́. Kò sẹ́ni tó pariwo. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsìn, obìnrin mẹ́rin dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà láti béèrè bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn láìwọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn tó ń dùbúlẹ̀ nílé, ẹ yé fi owó àti agbára ṣòfò lórí ríra. Ẹ yí i. Ẹ gbé e, ẹ má wọ́ ọ. Lójoojúmọ́, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ wo ìdí, ìbàdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀, ẹ má sì dúró de pupa. Bí awọ bá ti là, ẹ má da pọ́dà sí i. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì jẹ́rìí nípa ìtọ́jú kan, ìbáà ṣe aládùúgbò, ìbáà ṣe nọ́ọ̀sì, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í ní ohun méjì. Kí lẹ tún ń ṣe fún aláìsàn nígbà náà? Àwọn tí kò ṣiṣẹ́ fún dà? Igo sípírítì mẹ́rin ni wọ́n ti dà sẹ́yìn Bàbá Àkàndé kí ẹnikẹ́ni tó béèrè bóyá ọ̀pá kan wà nínú ẹ̀rí náà.