Àwọ̀ Tí Bàbá Fi Sílẹ̀

"Ìyá Àgbà, ẹ má rẹ́rìn-ín o! A ò bá ẹ̀rín ṣàdéhùn lónìí."

Ojú-Kejì ló sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ìyá Àgbà, tó ti pa ẹnu pọ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní oògùn kíkorò, kò mọ ìgbà tó bú sẹ́rìn-ín. Èjìká rẹ̀ ń mì, ìborí rẹ̀ ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú-Kejì tẹ kámẹ́rà.

"Ọ̀rọ̀ ọmọ mi nìyẹn," ni ìyá arúgbó náà wí, ó ń fi etí ìborí nu ojú. "Bó ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn."

Lóòótọ́ ni. Onífọ́tò ni bàbá Ojú-Kejì, ọmọ Ìyá Àgbà, kó tó kú. Òun ló sì fún ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìnagijẹ náà, nítorí pé láti kékeré ló ti máa ń dúró tì í níbi iṣẹ́, tí yóò máa sọ pé, "Bàbá, ọrùn aṣọ wọn wọ́ o," tàbí, "Bàbá, òjìji ti bo imú wọn." Bàbá á wá yíjú sí ẹni tó ń yà, á ní, "Ẹ má dá mi lẹ́bi. Ojú mi kan wà lára kámẹ́rà, ojú kejì ló ń pariwo yìí."

Láti ọjọ́ tí ilẹ̀ ti gba bàbá náà ni Ìyá Àgbà kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya òun ní fọ́tò mọ́. Ó ní ẹni tó ń ya òun ti lọ. Ojú-Kejì bẹ̀ ẹ́ títí, ìlérí kan ṣoṣo ló sì mú un gbà: "Ìyá Àgbà, bí Bàbá ṣe máa ń ṣe àwọ̀ yín ni màá ṣe é. Ẹ ò ní mọ̀ pé òun kọ́ ló yà á."

Ẹnu ló fi ṣe ìlérí. Kò mọ̀ pé ọwọ́ lè má tó o.

Ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀ tó fi ń tún fọ́tò ṣe. Inú rẹ̀ ni bàbá náà ti ń po ìmọ́lẹ̀ mọ́ àwọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń po ọ̀dà, títí ó fi rí èyí tó ń mú ojú arúgbó dán bí apá àga tí ọwọ́ ti ń pa láti ayébáyé. Ó fi àpòpọ̀ náà pamọ́ síbẹ̀, ó sọ ọ́ ní "Ìyá Mi". Bí èèyàn bá ti tẹ "Ìyá Mi" báyìí, ojú tó wà nínú fọ́tò á tàn bí ẹni tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ yà kí. Lójú Ojú-Kejì, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ṣì wà nínú ètò náà.

Àmọ́ kámẹ́rà bàbá rẹ̀ ti bàjẹ́. Tuntun tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ fún un ló fi ya Ìyá Àgbà. Nígbà tó kó àwọn àwòrán náà sórí kọ̀ǹpútà, tó ní kí ètò náà ṣí wọn, èsì tó fún un ni pé òun kò mọ irú kámẹ́rà yìí rí. Ó tún gbìyànjú. Èsì kan náà ni.

Ó gbéra, ó di ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Apárí, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀. Ó bá obìnrin onífọ́tò kan níbẹ̀ tó ń fi aṣọ nu lẹ́ńsì.

"Ìwọ náà ti dé ibẹ̀?" ni Ọ̀gá Apárí wí nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Káàbọ̀ sínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́kún."

"Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe ètò yẹn títí ọwọ́ fi ń ro mí," ni obìnrin náà wí. "Ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn. Wọ́n ti pa á tì."

"Ó dà bí ilé tí onílé kó kúrò nínú rẹ̀," ni Ọ̀gá Apárí wí. "Ilé ò wó, iná ṣì ń tàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Gbogbo kámẹ́rà tó dé lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ, àlejò ni. Èmi ò lè fi í sílẹ̀ ní tèmi. Mo rọra di kámẹ́rà mi àtijọ́ mú."

"Irun yín ló kọ́kọ́ pa yín tì, ọ̀gá, kó tó kan ètò yìí," ni obìnrin náà dáhùn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín Ojú-Kejì kò dé ọ̀fun.

Ọ̀gá Apárí rí i. "Ọmọ mi, wá ètò mìíràn, kí o gbé fọ́tò tí bàbá rẹ tẹ̀ sórí pépà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ, kí o máa fi ojú wá àwọ̀ náà. Yóò pẹ́ o. Ṣùgbọ́n kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ni òfin bàbá rẹ?"

"Àwòrán tó wà níbì kan ṣoṣo, kò tíì sí."

"Ó dáa. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó."

Ojú-Kejì gbọ́, ṣùgbọ́n etí ló fi gbọ́ ọ. Àwọ̀ mìíràn kọ́ ló ń wá. Ti bàbá rẹ̀ ló ń fẹ́.

Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Kíákíá, tí ọ̀nà àbùjá kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ eré ìje ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n jọ ń ya àwọn sáré-sáré tí Ojú-Kejì sọ ìṣòro rẹ̀ fún un.

"Ìyẹn lásán?" ni Kíákíá wí. "Ṣebí orúkọ kámẹ́rà ni ètò yẹn ń wò lára fáìlì? Pa orúkọ náà dà sí ti kámẹ́rà bàbá ẹ. Kò ní mọ̀. Mo rí nǹkan kékeré kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ṣe é, màá fún ẹ."

"Kò ní ba àwòrán jẹ́?"

"Àbí o ti ń darúgbó ni? Ẹ̀rù ń bà ẹ́ bí ìyá arúgbó."

Bó ṣe délé, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà. Ó jẹ́ kí nǹkan kékeré náà pa orúkọ dà lára gbogbo àwòrán Ìyá Àgbà. Ó tún lọ sórí ètò bàbá rẹ̀. Àwòrán ṣí! Ìyá Àgbà rèé, ẹ̀rín rèé, ìborí tó yẹ̀ rèé. Ojú-Kejì pariwo ayọ̀, ó sì tẹ "Ìyá Mi".

Ojú Ìyá Àgbà di àwọ̀ àlùkò, bí ẹni tí wọ́n lù.

Ètò náà ń fi ojú kámẹ́rà kan wo ohun tí kámẹ́rà mìíràn rí. Ojú-Kejì sáré ní kí nǹkan kékeré náà dá orúkọ padà. Ó dá a padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà àwòrán kankan kò ṣí mọ́, ì báà ṣe nínú ètò àtijọ́ tàbí nínú òmíràn. Nígbà náà ló rántí káàdì kámẹ́rà. Ó sáré ṣí i wò. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ náà ló ti pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ fún eré ìje. Àwọn sáré-sáré ló kún inú rẹ̀.

Àwòrán tó wà níbì kan ṣoṣo.

Ọ̀gá Apárí gbìyànjú títí láti ṣí àwọn àwòrán náà, ó mi orí. Kò bú u. Ó kàn ní, "Ìwọ fúnra rẹ ni kó o lọ sọ fún Ìyá Àgbà."

Ìyá Àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń wo ìta láti ojú fèrèsé.

"Ẹ̀rín yẹn ńkọ́?" ló béèrè níkẹyìn.

"Ó ti lọ, Ìyá Àgbà. Ẹ dárí jì mí. Mo fẹ́ kó rí bíi ti Bàbá, ni mo bá kánjú."

Ìyá arúgbó náà mí kanlẹ̀. "Ó dùn mí, n ò ní purọ́ fún ọ. Mi ò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti lọ. Ṣùgbọ́n omi ló dànù, agbè ò fọ́. Gbé kámẹ́rà rẹ wá."

Ó jókòó síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ojú-Kejì gbé kámẹ́rà sójú. "Ìyá Àgbà, ẹ má rẹ́rìn-ín o. A ò bá ẹ̀rín..."

Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ti lọ pẹ̀lú ti àkọ́kọ́," ló wí jẹ́jẹ́.

Ojú-Kejì wá ọ̀rọ̀ mìíràn tì. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Omijé bò ó lójú, ó ń fi apá nù ún lẹ́yìn kámẹ́rà, imú rẹ̀ ń dún fìn-ìn.

"Dúró ná," ni Ìyá Àgbà wí. "Nínú àwa méjèèjì, ta ni wọ́n ń yà? Èmi tí mo wẹ̀ tí mo kun ojú ni mo jókòó síbí, ìwọ tí wọn ò yà lò ń fi ikun imú ṣe ẹ̀ṣọ́!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ojú-Kejì pẹ̀lú omijé. Ìyá Àgbà wò ó, òun náà rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín tó ń mi èjìká, bí kò ṣe èyí tó rọra ń ti ojú jáde. Ojú-Kejì tẹ kámẹ́rà.

Lọ́tẹ̀ yìí, kó tó ṣe ohunkóhun, ó kó àwòrán náà sí ibi méjì. Ó wá ètò mìíràn, ó gbé fọ́tò àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ń wò ó, ó ń wo tirẹ̀. Ó fi pupa kún un, ó yọ ọ́. Ó dín ìmọ́lẹ̀ kù, ó dá a padà. Lọ́pọ̀ ìgbà tó ti ilé ìwé dé, ìdí rẹ̀ ló ń jókòó sí. Ó sún mọ́ ti bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá a dọ́gba.

Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà tó gbé e lọ, Ìyá Àgbà gbé e sún mọ́ ojú. "Àwọ̀ ọmọ mi kọ́ nìyí," ló wí.

Ojú-Kejì sorí kọ́.

"Bí ọmọ mi ṣe ń rí mi nìyẹn," ó nawọ́ sí èyí tí bàbá Ojú-Kejì yà, tó wà lára ògiri. "Bí ìwọ ṣe rí mi nìyí. Kọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Má fi bo tiẹ̀ o."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹni tó bá ń kánjú gba ọ̀nà àbùjá lè sọ ohun tí kò ní òmíràn nù. Ẹ tọ́jú ohun iyebíye sí ju ibì kan lọ kí ẹ tó dán ohunkóhun wò lórí rẹ̀. Ẹ má sì rò pé inú ẹ̀rọ ni ogún òbí wà. Ẹ̀rọ á gbó, àwọn tó ṣe é á pa á tì. Ojú tí wọ́n fi kọ́ wa láti máa wo ayé ló kù sí wa lára.

Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà bàbá náà ṣì wà lórí tábìlì. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ilé bá dákẹ́, Ojú-Kejì á tàn án, á ṣí ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò àtijọ́, á tẹ "Ìyá Mi". Kì í fi ṣe nǹkankan. Ó kàn ń wò ó bí ojú náà ṣe ń tàn ni.