Mujeedat, Rọ́kẹ́ẹ̀tì àti Ariwo Ńlá

Mujeedat ló jí yìí o. Ọjọ́ Sátidé ló jí sí.

Kò tíì fọ ẹnu. Kò tíì kí ẹnikẹ́ni. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló kọ́kọ́ wò.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó sùn jẹ́jẹ́ nínú páálí bisikíìtì.

Mujeedat fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Páálí róbótó tí wọ́n ń wé tíṣù mọ́ ló kó jọ. Ó lẹ wọ́n mọ́ra wọn, wọ́n gùn gbọọrọ. Ó ṣe imú fún un, imú náà rí ṣóńṣó. Ó lẹ apá mọ́ ọn nídìí. Ó fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kùn ún.

Agboòrùn kékeré kan wà níkùn rẹ̀. Ọ̀rá ni Mujeedat fi ṣe é. Agboòrùn yẹn ló máa gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì bọ̀ wálẹ̀, kó má baà fọ́.

Mujeedat gbé e sáyà. Ó kọrin fún un.

*Páálí mi kò ní ìyẹ́,*
*Mo lẹ ìyẹ́ fún un.*
*Páálí mi kò mọ̀nà òkè,*
*Màá fọ̀nà hàn án.*
*Gbéra, gbéra, páálí mi,*
*Gbéra ńlẹ̀ o.*

Òní ni ọjọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Òní ni páálí máa fò.

Mujeedat fẹ́ kó fò. Ó fẹ́ ẹ gan-an ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà. Ohun kan ṣoṣo.

Ariwo ni.

Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá fẹ́ lọ, ó máa ń ké. Fààààà. Ó máa ń ké bí ẹni tí iná ta lẹ́sẹ̀.

Mujeedat ò fẹ́ràn ariwo. Kò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ táyà.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọjọ́ táyà fún yín. Ẹ farabalẹ̀, ẹ̀yin ọmọ.

Bàbá Mujeedat ń lẹ táyà. Kì í ṣe táyà mọ́tò kékeré o. Táyà tírélà ni, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó Mujeedat. Ẹ̀gbẹ́ Warehouse Road, ní Àpápá, ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Lọ́jọ́ kan, Mujeedat gbé oúnjẹ lọ fún un. Bàbá ń fẹ́ atẹ́gùn sínú táyà kan. Ṣììì, ṣììì, ṣììì. Atẹ́gùn ń wọlé. Ṣììì, ṣììì.

Táyà náà bẹ́.

GBÒÀ.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Ó kàn bẹ́ ni.

Abọ́ já bọ́ lọ́wọ́ Mujeedat. Nígbà tó máa wo iwájú, Bàbá ti wà nílẹ̀. Ọwọ́ Bàbá ti kán.

Ọlọ́run ṣàánú. Wọ́n to ọwọ́ náà, ó sì jinná. Bàbá ti padà síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti ilẹ̀kùn gbàà, Mujeedat á ta gìrì. Á sá sábẹ́ tábìlì.

Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ọjọ́ náà nílé wọn. Ìyá ò dárúkọ rẹ̀. Bàbá ò dárúkọ rẹ̀. Mujeedat náà ò sọ nǹkan kan.

Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, Bàbá mú un lọ́wọ́. Wọ́n jáde nílé wọn ní Amukoko, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́.

Oníkẹ̀kẹ́ bojú wẹ̀yìn. "Màmá mi kékeré, kí lo gbé yẹn?"

"Rọ́kẹ́ẹ̀tì ni, sà."

"Ibo ló ń lọ?"

"Òkè ni, sà."

"Kó bá mi kí wọn lókè," ni oníkẹ̀kẹ́ wí. Ó tẹ kẹ̀kẹ́ lọ. Kẹ̀ù, kẹ̀ù, kẹ̀ù.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ ní Àpápá GRA. Pápá ńlá kan wà níbẹ̀. Igi fúrúùtù kan ṣoṣo ló wà létí rẹ̀. Kò sí wáyà iná lórí pápá náà. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì ti ń pàdé.

Àǹtí Ifeyinwa ni olórí ẹgbẹ́. Ó dé fìlà gbòòrò.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Mujeedat."

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ."

Munachi ti dé. Tamuno ti dé. Ọmọ ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì. Munachi wo rọ́kẹ́ẹ̀tì Mujeedat láti òkè délẹ̀.

"Èyí rí bí ilá," ni Munachi wí.

"Tìẹ rí bí ọwọ̀," ni Mujeedat fèsì.

Tamuno fọwọ́ mú àgbọ̀n. "Ṣé ilá fit fly?"

"Ilá tèmi máa fò."

Àǹtí Ifeyinwa pàtẹ́wọ́. Pà, pà. Gbogbo ọmọ dúró ní ìlà.

"Ẹni tó ṣe é ńkọ́?" ni Àǹtí béèrè.

"Òun ló máa kà á," ni àwọn ọmọ dáhùn.

"Ẹni tó kà á ńkọ́?"

"Òun ló máa tẹ̀ ẹ́."

"Èdè wo la fi ń kà á?"

"Èdè ilé wa."

"Ṣé ẹlòmíì lè bá ẹ tẹ̀ ẹ́?"

"Rárá o."

Bí òfin ẹgbẹ́ ṣe rí nìyẹn: ka nọ́ńbà láti àrún wálẹ̀ dé ení, kí o wá tẹ bọ́tìnnì tó ń rán rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. Bí èèyàn kò bá lè tẹ bọ́tìnnì, rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á padà sínú páálí.

Òní sì ni ìgbẹ̀yìn. Òjò ti ń ṣú. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, pápá á di odò. Ó di ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ kí wọ́n tó tún fò.

Tamuno ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Àǹtí Ifeyinwa ki ẹ̀tù sí rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nídìí. Ó gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì sára irin gbọọrọ kan. Ó so wáyà mọ́ ọn. Wáyà náà gùn, ó gùn, títí dé ibi bọ́tìnnì pupa, lẹ́yìn ìlà funfun. Gbogbo èèyàn dúró sẹ́yìn ìlà.

Tamuno fi èdè ìyá rẹ̀ àgbà kà á. Ó kà á láti òkè wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi tán. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Fààààà.

Mujeedat dijú. Ó ki ìka bọ etí. Kò rí nǹkan kan.

Ó kan Munachi. Èdè Ìgbò ló fi kà á.

"Ise, anọ, atọ, abụọ, otu."

Fààààà.

"Ó ti lọ o," ni gbogbo èèyàn wí. Mujeedat ò rí i. Ó tún ti dijú.

Ó kan Mujeedat.

Àǹtí gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé sára irin. Ó so wáyà mọ́ ọn. Ó gbé bọ́tìnnì pupa lé Mujeedat lọ́wọ́. Ọwọ́ Mujeedat tutù bí omi kànga.

Ó la ẹnu.

"Ení," ó wí. "Èjì. Ẹ̀ta."

Hàà. Òkè ló ń kà á lọ.

"Ẹ̀rin. Àrún. Ẹ̀fà. Èje. Ẹ̀jọ. Ẹ̀sán. Ẹ̀wá."

Ẹ̀yin ọmọ, tí èèyàn bá ń kà á lọ sókè, ṣé ó lópin? Kò lópin. Bí kò bá lópin, ìgbà wo lèèyàn máa wá tẹ bọ́tìnnì? Mujeedat mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló ṣe ń kà á lọ.

"Oókànlá. Eéjìlá. Ẹẹ́tàlá."

"Mujee, ṣé ọsàn lò ń kà ni?" ni Munachi béèrè.

"Na down we dey count am," ni Tamuno wí. "Tó bá ń bá a lọ báyìí, ibí la máa sùn."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín.

Àǹtí Ifeyinwa ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú ọ̀run. Ojú ọ̀run dúdú.

"Mujeedat, kì í ṣe dandan," ó wí. "Tí kò bá wù ẹ́, màá tú wáyà rẹ̀."

Omi lé ròrò sójú Mujeedat. Ó gbé bọ́tìnnì sílẹ̀. Ó lọ wá Bàbá.

Bàbá ò sí láàárín àwọn òbí. Bàbá ò sí nídìí àga. Bàbá ò sí lẹ́nu géètì.

Ẹ̀yìn igi fúrúùtù ni Bàbá wà. Ó fẹ̀yìn ti igi. Ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà. Ó di èyí tó kán lọ́jọ́ táyà mú ṣinṣin.

*Bàbá, ẹ wá bá mi tẹ̀ ẹ́.* Ohun tí Mujeedat fẹ́ sọ nìyẹn. Kò sọ ọ́ mọ́.

"Bàbá," ó wí, "ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?"

Bàbá fẹsẹ̀ ha ilẹ̀.

"Ó ń bà mí," ni Bàbá wí.

"Ariwo yẹn?"

"Ariwo yẹn ni."

"Èmi náà."

"Mo mọ̀. Mo rí ẹ nígbà tí o dijú."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́?"

Bàbá wolẹ̀. "Mo rò pé tí n ò bá sọ ọ́, wàá gbàgbé."

"Mi ò gbàgbé."

"Èmi náà ò gbàgbé, ọmọ mi."

Mujeedat jókòó sórí gbòǹgbò igi. Bàbá jókòó tì í. Mujeedat ronú. Ó ro ti ọjọ́ táyà, látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Bàbá, ṣé táyà yẹn sọ fún yín kó tó bẹ́?"

"Kò sọ. Ká ní ó sọ ni, ǹ bá ti sá sẹ́yìn."

"Rọ́kẹ́ẹ̀tì tèmi máa sọ fún yín."

"Rọ́kẹ́ẹ̀tì ò lẹ́nu, Mujee."

"Èmi ni ẹnu ẹ̀," ni Mujeedat wí. "Màá rọra kà á wálẹ̀. Bí mo bá ti ń kà á, kí ẹ máa dá mi lóhùn. Kí ẹ ní ẹ gbọ́. Tí mi ò bá gbọ́ ohùn yín, mi ò ní tẹ̀ ẹ́."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀. Ó wò ó dáadáa.

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "Lọ kà á."

Mujeedat padà sẹ́yìn ìlà funfun. Munachi fẹ́ sọ̀rọ̀. Tamuno fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Munachi pa ẹnu mọ́.

Mujeedat gbé bọ́tìnnì. Ó gbé ohùn sókè.

"Àrún."

Ohùn kan dáhùn lẹ́yìn igi. "Mo gbọ́."

"Ẹ̀rin."

"Mo gbọ́." Orí Bàbá ti yọ.

"Ẹ̀ta."

"Mo gbọ́." Bàbá ti kúrò lẹ́yìn igi. Àwọn òbí yíjú wò ó. Bàbá ò wò wọ́n. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

"Èjì."

Kò sí ìdáhùn.

Ìka Mujeedat wà lórí bọ́tìnnì. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó ti sọ pé òun ò ní tẹ̀ ẹ́.

"Èjì," ó tún wí. Ó rọra wí i, bí ẹni tó ń jí ẹni tó sùn.

"Mo gbọ́."

Ohùn náà sún mọ́ tòsí. Bàbá ti dé ẹ̀yìn ìlà funfun. Bàbá dúró ti Mujeedat.

"Ení."

"Mo gbọ́," ni Bàbá wí.

"A gbọ́," ni gbogbo àwọn ọmọ wí.

Mujeedat tẹ̀ ẹ́.

FÀÀÀÀÀÀÀ.

Ariwo dé. Ó dé lóòótọ́, kò dín. Ṣùgbọ́n ó dé bí àlejò tí wọ́n ti ń retí. Wọ́n ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Àwọn ni wọ́n pè é.

Mujeedat ò dijú.

Ó rí i. Ó rí èéfín funfun. Ó rí páálí tó kúrò nílẹ̀. Ó kọjá orí igi fúrúùtù. Ó kọjá òrùlé. Ó ń lọ, ó ń lọ, ó di tín-ín-tín.

Pọ́.

Imú rẹ̀ ṣí. Agboòrùn ọ̀rá jáde, ó tàn rẹrẹ. Rọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Ó fì síhìn-ín. Ó fì sọ́hùn-ún. Kò kánjú rárá.

"Ilá don fly o," ni Tamuno wí. Ó rọra wí i.

Mujeedat wo ọwọ́ Bàbá. Kò ká a mọ́ àyà mọ́. Ó nà án sókè, ó fi ń tọ́ka sójú ọ̀run.

"Wò ó," ni Bàbá wí. "Wò ó, Mujee."

"Mò ń wò ó, Bàbá."

Rọ́kẹ́ẹ̀tì balẹ̀ sínú koríko. Kò fọ́. Apá rẹ̀ kankan ò yẹ̀. Mujeedat sáré lọ gbé e.

Òjò kán. Tó. Tó. Tótótó. Àwọn ọmọ ń kó ẹrù sábẹ́ igi. Àǹtí Ifeyinwa ń ká wáyà.

Bàbá tọ Àǹtí lọ. Ó fọwọ́ ha orí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹgbẹ́ yín ń gba àgbàlagbà?"

Àǹtí gbójú sókè. "Àgbàlagbà wo ni?"

"Èmi ni."

Munachi fọwọ́ bo ẹnu. Tamuno náà fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín ń já jáde láàárín ìka wọn.

"A ń gbà yín, sà," ni Àǹtí Ifeyinwa wí. Òun náà ń rẹ́rìn-ín. "Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ."

"Pupa ni màá kun tèmi," ni Bàbá wí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀. "Mujee, lọ́jọ́ tí mo bá máa tẹ̀ ẹ́, ibo lo máa dúró?"

Mujeedat nu omi òjò kúrò lójú.

"Ẹ̀gbẹ́ yín ni, Bàbá. Màá máa dá yín lóhùn."

Òjò wá dé wàyí. Wọ́n fún ara wọn mọ́ abẹ́ igi fúrúùtù, àgbà àti ọmọdé. Mujeedat ló kọ́kọ́ dá orin. Gbogbo wọn gbè é.

*Ariwo ńlá, bó o bá ń bọ̀,*
*Mo gbọ́, mo gbọ́.*
*Kan ilẹ̀kùn kó o tó wọlé,*
*Mo gbọ́, mo gbọ́.*
*Mi ò dá wà, a pọ̀ níbí,*
*Mo gbọ́, mo gbọ́.*

Ìtàn mi ti balẹ̀, kò fọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, kó ní òun gbọ́.