Nǹkan Kékeré Tí Ìyá Akọ̀wé Yááfì

"Abẹ mi dà? Ta ló gbé abẹ mi o?"

Akọ̀wé ti tú àpò ìwé rẹ̀ palẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga, kò rí i. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni, ọjọ́ tí wọ́n máa ń kun búlọ́ọ̀kù, pẹ́ńsùlù pupa sì ti kú lẹ́nu. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà tí gbogbo ilé ń pè ní Ìbéèrè nítorí ẹnu rẹ̀ tí kì í sinmi, dúró ti ògiri ilé ìdáná, ó ń janpata.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé a ò ní kun ún mọ́ ni? Ṣé owó ti tán ni? Àbí báńkì ń bínú sí wa ni?"

"Panu mọ́ jàre. Pẹ́ńsùlù ni kò mú."

Ìwé ńlá kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri náà. Akọ̀wé ló ya ilé sí i, ilé oníbúlọ́ọ̀kù méjìdínláàádọ́ta, búlọ́ọ̀kù kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó kù kí wọ́n tó san owó tí wọ́n yá ní báńkì fi ra ilé wọn tán. Ọdún mẹ́rin gbáko nìyẹn. Ṣùgbọ́n bàbá wọn ní òun ò lè fi ọdún mẹ́rin sùn lórí ẹ̀gún. Awakọ̀ tó ń pín búrẹ́dì kiri àwọn ṣọ́ọ̀bù ni, ilé iṣẹ́ wọn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín òṣìṣẹ́ kù lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

"Kí wọ́n tó kàn mí," ohun tó sọ fún wọn nìyẹn, "kí ilé yìí ti di tiwa. Bí iṣẹ́ bá bọ́ tí gbèsè ṣì wà nílẹ̀, ìta la máa bá ara wa."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í san owó oṣù méjì lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn, tí búlọ́ọ̀kù méjì sì ń pọ́n lóṣooṣù.

Níbo ni owó ọ̀hún ti ń wá? Lára wọn náà ni. Akọ̀wé ló dá àbá, nígbà tí wọ́n jókòó ìpàdé ìdílé, pé kí kálukú yááfì nǹkan kan, kí òun kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ìṣirò kì í ṣòro fún un, òun ni bàbá rẹ̀ sì fa ìwé ìnáwó ilé lé lọ́wọ́. Ibẹ̀ lorúkọ Akọ̀wé ti wá. Bàbá yááfì owó ọkọ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí. Ìbéèrè yááfì ṣúgà inú tíì, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta sunkún rẹ̀. Akọ̀wé yááfì yàrá rẹ̀. Wọ́n fi í háyà fún òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ kan tó ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ kí ilẹ̀ mọ̀ pé òun ń kọjá, tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Jẹ́jẹ́. Orí àga gígùn ní pálọ̀ ni Akọ̀wé wá ń sùn.

Nígbà tó kan ìyá wọn, ó rẹ́rìn-ín. Aránṣọ ni, aṣọ iléèwé ló sì ń rán jù, nínú ilé níbẹ̀.

"Kọ 'nǹkan kékeré kan' síwájú orúkọ tèmi. Àbí gbogbo àṣírí obìnrin lẹ fẹ́ mọ̀ ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé kọ "nǹkan kékeré kan", kò sì béèrè. Àní Ìbéèrè pàápàá kò béèrè lọ́jọ́ náà.

Akọ̀wé yìí náà ló ń wá abẹ láàárọ̀ Sátidé yìí. Ó rántí pé ìyá òun máa ń fi abẹ tú ojú rírán, ló bá fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ. Abẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan funfun kan bí ìyẹ̀fun lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Páálí ìṣáná kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ṣí i, ó rò pé bọ́tìnì ni. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ̀ ló bá níbẹ̀, èyí tí dókítà ní kó máa lo odidi kan lójúmọ́, láìfo ọjọ́ kan, láti ìgbà tó ti bí Ìbéèrè. Wọ́n ti gé e. Kì í ṣe sí méjì, sí mẹ́rin mẹ́rin ni.

Akọ̀wé kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó tún wọn kà.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?"

Ìyá rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó kó aṣọ iléèwé dání. Akọ̀wé na páálí ìṣáná náà sí i.

"Màámi, ṣé nǹkan kékeré ọ̀hún nìyí?"

Ìyá rẹ̀ rọra ti ilẹ̀kùn, ó gbé aṣọ lé orí ẹ̀rọ. "Rọra sọ̀rọ̀. Ìdajì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nǹkan kan ò ṣe mí. Mo wá tún un gé. Wò mí dáadáa, ṣé mo jọ aláìsàn lójú ẹ ni?"

"Ṣùgbọ́n dókítà ní..."

"Dókítà ò jẹ báńkì lówó. Ṣé o mọ iye tí oògùn yẹn ti dà báyìí? Èyí tó ṣẹ́kù nínú owó rẹ̀ ni mò ń fi kún owó búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù mélòó ló kù?"

"Mẹ́fà, tí mo bá ti kun ti òní."

"Oṣù mẹ́ta! Oṣù mẹ́ta péré, ọmọ mi, màá padà sí odidi. Bí bàbá rẹ bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, ó máa dá gbogbo ẹ̀ dúró ni. Tí wọ́n bá wá lé e níṣẹ́ ńkọ́? Ṣé kí á kó ẹrù sójú títì lo fẹ́?" Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. "Ṣèlérí fún mi."

Akọ̀wé ṣèlérí. Ẹ má sì jẹ́ ká bo òtítọ́ mọ́lẹ̀: kì í ṣe nítorí ìyá rẹ̀ nìkan. Bí ìyá rẹ̀ ṣe dárúkọ oṣù mẹ́ta ló ti rí yàrá rẹ̀ lójú inú, ibùsùn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tábìlì ìkàwé, ilẹ̀kùn tí èèyàn lè tì kí ọmọ kan má béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ òun. Ó fẹ́ yàrá náà gan-an. Ó gbẹ́ pẹ́ńsùlù, ó kun búlọ́ọ̀kù méjì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà bàbá wọlé, ó bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lé ròrò.

"Akọ̀wé mi! Mélòó ló kù?"

"Mẹ́fà, Bàámi."

Ọkùnrin náà dìde, ó fi ẹsẹ̀ tó lé ròrò yẹn jó yí tábìlì ká. Ìyá ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n Akọ̀wé, ó gbé e mì.

Ara ìyá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń fi pamọ́. Ó ń so gèlè mọ́ orí pinpin nítorí ẹ̀fọ́rí. Ó ń jókòó sórí àga kó tó lè bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó na abẹ́rẹ́ àti òwú sí Akọ̀wé.

"Bá mi ti òwú bọ̀ ọ́. Ojú abẹ́rẹ́ yìí ti di méjì."

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n sọ fún Bàámi."

"Ìlérí ńkọ́?"

Akọ̀wé ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀. Sátidé àkọ́kọ́ mìíràn dé, búlọ́ọ̀kù méjì tún pọ́n, ó ku mẹ́rin. Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èèyàn méjì ló sì dákẹ́ nínú ilé yìí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Akọ̀wé ṣe ìdánwò àṣekágbá nínú ìṣirò. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré bọ̀ nílé. Láti ẹnu géètì ló ti ń gbọ́ ẹ̀rọ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò dúró rárá. Ẹni tó ń ránṣọ máa ń dúró yí aṣọ, á tún tẹ̀ ẹ́. Èyí ń ké lọ ràì.

"Màámi?"

Ó ti ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ ti dojú bo ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí ìtẹ̀sẹ̀, iná mànàmáná sì ń gbé ẹ̀rọ náà lọ. Abẹ́rẹ́ ń gún ojú kan náà lára apá aṣọ iléèwé, òwú ti di koko ńlá kan níbẹ̀. Ẹnu ìyá ti yà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o!"

Ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Jẹ́jẹ́, tó wà nílé fún ìsinmi ọjọ́ méjì, nínú ilé yẹn. Ó sáré débi pé ó fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Òun ló gbé ìyá sínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀, tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn, tó sì tún padà lọ mú Ìbéèrè níléèwé.

Bàbá bá wọn níbẹ̀, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Dókítà, obìnrin kan tí àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀, jáde wá bá wọn.

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ru sókè jù, ó sì ti kan ọpọlọ. Rọpárọsẹ̀ ni. Oògùn wo ló ń lò nílé? Ṣé ó ń lò ó déédéé?"

"Déédéé ni!" ni bàbá fèsì, tọwọ́tẹsẹ̀. "Ìyàwó mi kì í fo ọjọ́ kan. Èmi ni mò ń yọ owó oògùn náà lóṣooṣù."

Dókítà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Akọ̀wé wo kálámù náà bó ṣe ń rìn lórí ìwé. Irọ́ ni wọ́n ń kọ yẹn, òun nìkan ló sì mọ̀. Ó lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó máa bi í. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi irọ́ yẹn tọ́jú ìyá òun ńkọ́?

"Ẹ dúró, Mà." Omi ti gba ojú rẹ̀. "Wọn ò lò ó déédéé. Wọ́n ń gé e ni. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni wọ́n ń lò."

Bàbá yíjú sí i díẹ̀díẹ̀.

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀, Bàámi."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ márùn-ún." Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù náà. "Màámi ní kí n ṣèlérí. Èmi náà sì fẹ́ yàrá mi. Ẹ dárí jì mí, ẹ jọ̀ọ́."

Dókítà fa ìlà sórí ohun tó ti kọ, ó sì yára wọlé padà. Bàbá kò lu ọmọ rẹ̀, kò sì pariwo. Ìyẹn ló dun Akọ̀wé jù. Ó kàn jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tó lé ròrò.

"Ọ̀sẹ̀ márùn-ún," ló wí. "Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mò ń sùn. Mo rí gèlè tó ń so mọ́ orí. Búlọ́ọ̀kù ni mò ń kà."

Ìyá kò kú. Ọjọ́ méjìdínlógún ló lò níbẹ̀. Gbogbo owó tí wọ́n ń rí kó jọ fún búlọ́ọ̀kù mẹ́rin tó kù ló tán sí ilé ìwòsàn, kò sì tó. Wọ́n ta ẹ̀rọ ìránṣọ lé e. Bàbá lọ sí báńkì lọ ṣàlàyé pé àwọn ń padà sí sísan owó oṣù kan ṣoṣo. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, wọ́n lé àwọn awakọ̀ méjì míì níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Jẹ́jẹ́ ṣì ń gbé nínú yàrá Akọ̀wé, nítorí owó háyà rẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun.

Lọ́jọ́ tí ìyá padà wálé, wọ́n gbé e jókòó sí ilé ìdáná, ó dojú kọ ìwé ara ògiri. Búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ṣì funfun. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ tó fi ń ránṣọ, sùn sórí itan rẹ̀, kò mì. Ìbéèrè sún mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ náà, ó fi sílẹ̀, ọwọ́ sì já bọ́.

"Màámi," ló béèrè, "ṣé ọwọ́ yín náà lẹ yááfì?"

Bàbá dìde, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Omijé ń bọ́ lójú ìyá, ẹnu rẹ̀ tó ti wúwo ń wá ọ̀rọ̀.

"Èmi... ni mo jẹ̀bi," ló sọ fún Akọ̀wé. "Ǹ bá má ti... ní kí o ṣèlérí."

"Èmi náà ì bá má ti gbà, Màámi."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Akọ̀wé yege nínú ìdánwò ìṣirò rẹ̀, èsì náà sì dára gan-an, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé ìṣirò kan wà tí òun ṣì nínú ilé. Ó ka búlọ́ọ̀kù, kò ka ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àgbàlagbà bá ní kí ẹ bá òun pa àṣírí mọ́, tí àṣírí náà sì lè gba ẹ̀mí ẹni tó ni ín, ẹ wá ẹni tí ẹ máa sọ ọ́ fún, bí ìlérí tilẹ̀ máa bàjẹ́. Ìlérí tó bàjẹ́ ṣeé bẹ̀bẹ̀ lé lórí. Ọwọ́ ìyá Akọ̀wé kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Akọ̀wé ya ìwé mìíràn lẹ̀ mọ́ ògiri. Lókè pátápátá, ṣáájú owó báńkì, ṣáájú oúnjẹ, ó kọ "Oògùn Màámi" síbẹ̀. Láràárọ̀, kó tó fọ ẹnu, ó máa ń bu omi sínú ife, á gbé oògùn kan sí àtẹ́lẹwọ́ òsì ìyá rẹ̀, á sì dúró tì í títí yóò fi gbé e mì. Odidi ni.