Ọwọ́ Sàlámọ̀tù Lára Aṣọ Funfun

Ọ̀rọ̀ yìí ṣojú mi. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ènìyàn mẹ́ta ni a wà nínú yàrá náà ní Àpòmù, ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní ìparí ọdún 1993, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Ẹni tí ó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́ láyè. N kò ní bá a jiyàn. Ohun tí mo rí ni n ó kọ. N kò ní fi iyọ̀ sí i.

Nùrúdíìnì, ọ̀rẹ́ mi tí a ń pè ní Núrù, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkirè, níbi tí ó ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Èmi ń ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù nígbà náà. Àpòmù ni ìyá rẹ̀, Àṣíáwù, ń gbé. Ọmọ méjì péré ni obìnrin náà bí: Núrù, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Sàlámọ̀tù.

Ọdún 1990 ni Sàlámọ̀tù kú. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ni. Ìyá wọn wà ní oko kòkó ní Ararọ̀mí-Òwu lọ́jọ́ náà. Kí oníṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ó tó rí ọkọ̀ wọ̀, wọ́n ti wẹ òkú, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Mùsùlùmí ń ṣe. Wọn kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ tútù ni ìyá bá.

Ohun kan ṣoṣo ni ó kù: kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí wọ́n ká ní ọjọ́ wòlímọ̀ Sàlámọ̀tù, nígbà tí ó parí Kùránì, ní ọdún tí ó ṣáájú ikú rẹ̀. Ìyá kò jẹ́ wò ó. Ọdún mẹ́ta ni ó fi wé e mọ́ inú gèlè, tí ó tì í mọ́ inú àpótí. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ wá gbà á, ojú ti ń lọ. Nǹkan funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Kò rí ju òjìji tí ń rìn lọ.

“Núrù,” ó wí, “mú un tóbi fún mi. Kí ó tóbi bí ògiri. Kí n rí ojú ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan, kí ojú tèmi yìí tó kú.”

Oníbàárà kan ti mú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kan ti Mẹ́kà bọ̀, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kò ní ìgò ńlá nínú bíi ti àwọn yòókù. Inú gíláàsì tín-ínrín kan ni àwòrán ti ń jáde. Ó bàjẹ́, oníbàárà náà sì fi í sílẹ̀ fún Núrù. Núrù tún un ṣe. Ó tún rí ìwé ìròyìn òyìnbó kan tí ó ṣàlàyé pé, bí ènìyàn bá ṣí ẹ̀yìn irú gíláàsì bẹ́ẹ̀, tí ó tan iná líle sí i lẹ́yìn, tí ó sì gbé awò tí ń sọ nǹkan di ńlá síwájú rẹ̀, àwòrán inú rẹ̀ yóò tóbi lára ògiri. Èmi ni mo tú u sí Yorùbá fún un, ojú ewé mẹ́ta, pẹ̀lú ìṣọ́ra tí mo fi ń tú ẹjọ́.

“Yínká, kí ni wọ́n sọ nípa ooru?”

“Wọ́n ní kí o fi fáànù sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gíláàsì á jó.”

“Fáànù wo? Ṣé wọ́n rò pé mo ní ilé iṣẹ́ ni?”

“Ìwọ lo ní o fẹ́ ṣe é.”

“Ìwọ lo kà á. Ẹni tó kàwé ló jẹ̀bi.”

Ó rí fáànù kékeré kan yọ lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà ìwé. Gílóòbù iná iwájú mọ́tò ni ó lò, bátìrì mọ́tò ni ó sì fi gbé e àti fáànù náà. Awò tí bàbá rẹ̀ olóògbé fi máa ń ka Kùránì ni ó gbé síwájú. Káfíńtà kan àpótí fún un. Fídíò àti gíláàsì àwòrán nìkan ni ó lo iná ìjọba. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

A gbé e dé Àpòmù lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. A fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí fèrèsé. A ki àkísà sí abẹ́ ilẹ̀kùn. A na aṣọ ìtẹ́bùsùn funfun tuntun mọ́ ògiri. Òkùnkùn wọlé ní ọ̀sán gangan. Ooru mú. Lóde, odó ẹnì kan ń dún, ó jìnnà. Nínú ilé, fáànù kékeré náà ń kùn.

Núrù so wáyà. Àwòrán jáde. Ó dorí kodò: ẹsẹ̀ lókè, orí nísàlẹ̀.

“Núrù,” ni ìyá wí láti orí àga, “ṣé wòlímọ̀ àwọn àdán lo pè mí sí?”

A bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó yé wa. Ó ti rí i. Ojú rẹ̀ gbé e.

Núrù yọ gíláàsì náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó tún fi í padà. Àwọn ènìyàn bọ́ sórí ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n jókòó yí alùfáà ká, wọ́n ń jẹ dòdò Ìkirè nínú ewé.

“Núrù.” Ohùn ìyá ti yí padà. “Kí ló dé tí gbogbo wọn ń fi ọwọ́ òsì jẹun?”

A wò ó. Òótọ́ ni. Àgbà, èwe, alùfáà pàápàá. Ọwọ́ òsì ń lọ sẹ́nu, ọwọ́ òsì ń bọ̀.

“Ìyá, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú ni. Bíi ti dígí.”

“Tètè tún un ṣe. Irú èyí kò ṣe é wò.”

Ó yọ ọ́, ó kọjú rẹ̀ síwájú, ó sì fi orí rẹ̀ sísàlẹ̀. Ó bọ́ sí i. Alùfáà ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun. Àwọn àgbà ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun. Ìyá mí kanlẹ̀.

Nígbà náà ni Sàlámọ̀tù wọ inú àwòrán, pẹ̀lú ìbòrí funfun, abọ́ dòdò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń pín in. Ọwọ́ òsì ni ó fi ń pín in.

Mo fi ọwọ́ nu ojú mi. Mo rò pé ojú mi ni. Mo wo alùfáà tí ó nawọ́ gbà á: ọwọ́ ọ̀tún. Mo wo Sàlámọ̀tù: ọwọ́ òsì. Nínú àwòrán kan náà.

“Yínká.” Núrù ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. “Ṣé o rí i?”

“Mo rí i.”

“Mo ti wo téèpù yìí tó ìgbà ogún. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń pín in. Àbúrò mi kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì.”

“Dákẹ́.”

Sàlámọ̀tù kúrò lọ́dọ̀ àwọn àlejò. Ó kọjú sí wa. Ó na ewé dòdò kan sí wa. Núrù di apá mi mú, ó dì í pinpin. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò sí ibi tí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ nínú téèpù.

Ìgbà náà ni iná ìjọba lọ.

Mo gbọ́ bí fídíò ti dúró. Gílóòbù nìkan ni ó kù tí ń jó, nítorí bátìrì. Ó yẹ kí aṣọ náà funfun báláú, kí ohunkóhun má sí lára rẹ̀. Àwọn àlejò lọ. Alùfáà lọ. Ilé tí wọ́n jókòó sí lọ.

Sàlámọ̀tù kò lọ.

Ó dá dúró lára aṣọ funfun, ọwọ́ rẹ̀ nínà. Kò mira. Lẹ́yìn náà ó mira.

“Mo ń rí i,” ni ìyá wí. Ó ti dìde. Kò mú ọ̀pá. Ó ń rìn lọ sí ibi ògiri bí ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká, ó sì na ọwọ́ òsì tirẹ̀ síwájú.

“Ìyá! Ẹ má gbà á!”

Núrù fa wáyà já. Òkùnkùn bo gbogbo wa. Odó tí ń dún lóde ti dákẹ́, n kò mọ ìgbà tí ó dákẹ́. Mo gbọ́ ìró kan ṣoṣo, bí ìgbà tí ewé gbígbẹ bá ṣí.

Núrù ya bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò lójú fèrèsé. Oòrùn wọlé. Aṣọ náà mọ́ tónítóní. Ìyá dúró tì í, ojú rẹ̀ kọ sí ògiri.

“Ta ló pa á?”

“Èmi ni, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́.”

“Ó ku díẹ̀ kó yíjú sí mi.” Kò bínú. Ó kàn ń sọ ọ́ ni. “Láti ìgbà tó ti wọlé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń wò.”

Núrù wò mí. Mo wò ó. Àwa méjèèjì, ojú Sàlámọ̀tù ni a rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, a tún téèpù náà wò lórí tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù ní Ìkirè. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, Núrù ti fi hámà fọ́ gíláàsì àwòrán náà. Ìyá bẹ̀ ẹ́ kí ó wá òmíràn. Ó bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Núrù kọ̀. Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, ojú ìyá ti kú pátápátá.

Mo lọ kí i nínú oṣù àwẹ̀. Orí ẹní ni ó jókòó sí, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri yẹn.

“Ẹ kú àwẹ̀ o, Màmá. Yínká ni.”

“Ohùn ni mo gbọ́,” ó wí. “Fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ kàn mí.”

Mo fi kàn án. Ó di ọwọ́ náà mú, ó fọwọ́ ba ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ara rẹ̀ fi balẹ̀.

“Ìwọ ni. Jókòó. Má jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀ yẹn.”

Ẹní ṣófo níbẹ̀. Mo jókòó sí apá kejì. N kò bi í pé ta ni ó jókòó síbẹ̀.

“Màmá, ṣé ẹ ti wá rí ojú rẹ̀?”

Ó mi orí.

“Kò tíì yíjú.”