Àṣìṣe Mílímítà

Sípánà ni obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan kọ́kọ́ rí tó ń fò lọ lófuurufú, kó tó rí ọkùnrin tó ń sáré tẹ̀ lé e. Sípánà lẹ̀ mọ́ òòfà ńlá tó wà láàárín yàrá ìwádìí, ọkùnrin náà sì la ẹnu sílẹ̀.

"Ẹ má fà á," obìnrin náà ní. "Tí mo bá pa òòfà, á jábọ́ fúnra rẹ̀."

"Mo rò pé èmi nìkan ni nǹkan inú yàrá yìí ń fà," ọkùnrin náà fèsì, ló bá dojú bolẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀rọ ni ọkùnrin náà fi ń gbẹ́ irin ní ìsọ̀ ìsàlẹ̀ ilé náà. Mílímítà ni wọ́n ń pè é, torí kì í gé nǹkan kan láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Obìnrin náà ní tirẹ̀ ń wádìí irin dúdú kan tó kéré ju èékánná lọ, tó jẹ́ pẹlẹbẹ lórí pẹlẹbẹ bí ewé ìwé. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá orí pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan ni iná mànàmáná ń sá kiri, àbí ó ń fò láti ọ̀kan sí èkejì. Á gbé irin náà síwájú òòfà, á wo bó ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Oṣù méje gbáko, kò rí nǹkan kan.

Mílímítà ló ń gbẹ́ àga idẹ kékeré tí irin náà ń jókòó lé. Bó bá gbé e wá nírọ̀lẹ́, wọn á jókòó sídìí fèrèsé, òòfà á máa kùn jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ á sì máa ṣàn títí oòrùn á fi wọ̀. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi mọ̀ pé òun ti fẹ́ràn rẹ̀ dé eegun.

Bàbá rẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ni kò gbà. Ó ní òun ò rán ọmọ níwèé dé góńgó kó lè fẹ́ ẹni tó ń fá irin, ó sì ní kí Mílímítà má tẹ ilé òun mọ́. Obìnrin náà ò lè lọ sílé ọkọ láìsí ìre bàbá rẹ̀, kò sì lè fi Mílímítà sílẹ̀. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìlà ojú ẹ̀rọ tó ń wọn iná náà ṣàdédé gòkè. Obìnrin náà yọ àga idẹ wò: ó wọ́. Inú bí i, ó ké sí Mílímítà.

"Ọjọ́ tí Bàbá lé mi ni mo gbẹ́ ẹ," Mílímítà ní. "Ojú mi ò sí níbi iṣẹ́."

Ìbínú obìnrin náà rọ̀. Ó rí i pé àga tó wọ́ ti mú kí irin náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níwájú òòfà, bẹ́ẹ̀ gbọọrọ ló ti ń dojú kọ ọ́ láti oṣù méje. Ó tún àga náà gbé síwájú òòfà, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ìlà gòkè, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gòkè. Ohun tó ti ń wá rèé: orí pẹlẹbẹ ni iná ń rìn, agbára káká ló fi ń fò dé èkejì.

Bàbá gbọ́, ó wá wo iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ yí irin náà, ó rí i tí ìlà ń gòkè, ó sì bi wọ́n pé ta ló gbọ́n tó fi gbé e fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà rí àyè.

"Ọgbọ́n Mílímítà ni, Bàbá."

"Kì í ṣe ọgbọ́n, sà," Mílímítà dá a lóhùn. "Àṣìṣe ni. Mo gbẹ́ ẹ wọ́."

Obìnrin náà rò pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́.

"Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ," Bàbá wí. "Àwọn tó jẹ́wọ́ àṣìṣe tí wọ́n ti ń yìn wọ́n fún ò pé mẹ́ta." Ó wo Mílímítà lẹ́ẹ̀kan sí i. "Wá sílé lọ́jọ́ Sátidé. Kí àwọn èèyàn rẹ bá ọ wá."

Nígbà tí Bàbá jáde, Mílímítà la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Òrùka kékeré kan ló wà níbẹ̀.

"Idẹ ni, ìfẹ́ mi. Òòfà ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ."

Ó bá ìka obìnrin náà mu rẹ́gí. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìgbà wo lo wọn ìka mi?"

"Ìgbà tí oorun gbé ọ lọ lórí tábìlì," ni Mílímítà fèsì. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ̀n ọ́n."